Ọmọ Tí Mo Fà Lé Ìyá Àgbà Lọ́wọ́

Sàláma mi, Àmọ̀kẹ́, ọmọ tí mo bí tó wá ga jù mí lọ,

Ṣé o jí dáadáa? Bàbá rẹ ni yóò mú ìwé yìí wá fún ọ láàárọ̀ ọ̀la, kó tó kọjá síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Magazine. Má wulẹ̀ bi í léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa. Bí o bá rí i pé etí rẹ̀ ti ya, òun ló ya á, kí o sọ fún mi.

O máa ní kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Mo pè ọ́ o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ lánàá, o sì gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ní, "Sàláma, ní ti ìyá àgbà yẹn," ìwọ á ti bú sẹ́rìn-ín: "Màámi, mo ti gbọ́, no wahala." Ẹ̀rín yẹn gan-an ló ń já mi láyà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ lórí fóònù, ojú mi kò sì lè gbà á bí mo bá jókòó tì ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ìwé lé orí àpótí òwú nínú ṣọ́ọ̀bù, tí mò ń kọ ọ́ nígbà tí àwọn aránṣọ kò bá sí níwájú mi. Bí ọ̀rọ̀ bá já lójijì níbì kan, ẹnì kan ló wá ra bọ́tìnì.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí, má ṣì mí gbọ́. Ọjọ́ tí o ní wọ́n ti gbà ọ́ ṣe olùrànlọ́wọ́ tíṣà, mo foríkanlẹ̀ fún Ọlọ́run, mo sì sọ fún gbogbo àdúgbò wa ní Fante New Town, níbí ní Kumasi, títí kan àwọn tí kò bi mí. Bàbá rẹ ní kí n rọra, pé kì í ṣe mínísítà ni wọ́n fi ọmọ òun ṣe. Mo ní, ta ló ń kọ́ mínísítà bí wọ́n ṣe ń di bírò mú?

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Jímọ̀ ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Ìwọ lo sọ ọ́ fún mi, o sì sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ àwàdà. O ní ìyá àgbà Yorùbá kan máa ń wá sí géètì ilé ìwé yín nígbà tí àwọn ọmọ bá ń ṣeré, pé ọmọ ọmọ òun ni Fàtí tó wà nínú kíláàsì yín, pé ó máa ń gbé àkàrà kóóṣé gbígbóná wá fún ọmọ náà àti ìwọ pẹ̀lú, pé "ìyàwó mi" ló ń pè ọ́. O ní ó mọ oríkì ọmọ náà, bó bá sì ti ké e, ọmọ á sáré lọ bá a. O wá ní ó bẹ̀ ọ́ pé kí o jẹ́ kí òun mú Fàtí lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ọjọ́rú, òun á dá a padà kí ilé ìwé tó jáde, kí o má jẹ́ kí ìyá ọmọ gbọ́, torí àárín wọn kò gún. Mo bi ọ́ pé kí lo sọ fún un. O ní, "Mo ní, ẹ jẹ́ kí n wò ó ná, Mà."

Sàláma, òní ni Mọ́ńdè. Ọ̀túnla ni Ọjọ́rú.

Màá dé orí ìyá yẹn, fara balẹ̀. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, o máa rò pé ìyá rẹ ti ya wèrè. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àwọn ohun tó yẹ kí n ti sọ fún ọ lọ́jọ́ tí o ń di ẹrù rẹ lọ sí yàrá tí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ gbà nítòsí ilé ìwé, dípò ata gígún tí mò ń kì bọ inú àpò rẹ.

Àkọ́kọ́: má ka iṣẹ́ kankan sí ẹ̀gbin nídìí iṣẹ́ yìí. O mọ̀ pé mo ṣe irú rẹ̀ rí. Mo jẹ́ ọmọ ogún ọdún, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama, wọ́n gbà mí ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Krofrom, tó ti kógbá sílé báyìí. Olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n fi mí ṣe, ṣùgbọ́n èmi rò pé tíṣà ni mí. Mo ra bàtà gogoro, mo ti bírò bọ inú irun. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kékeré kan tọ̀ sára, ó wá dúró tì mí, kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn ń fa etí aṣọ mi. Mo ní kó lọ jókòó, pé obìnrin tó ń gbálẹ̀ ń bọ̀. Obìnrin náà kò wá lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ yẹn jókòó sínú ìtọ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n fi jáde, kò sì sunkún. Àìsunkún rẹ̀ ló ń dùn mí títí dòní. Bí ọmọ bá tọ̀, dìde. Bí imú rẹ̀ bá ń ṣàn, nù ún. Tíṣà lè wà nídìí pátákó, ìwọ ni ìyá inú kíláàsì.

Èkejì: rúlà. Ìwọ náà mọ bí àfáà ṣe máa ń nà yín ní ilé kéwú, tiwa tún le ju tiyín lọ. Nígbà tí èmi náà wá débi tí àwọn ọmọdé ń pè mí ní Àǹtí, rúlà ni mo kọ́kọ́ wá. Etí rúlà ni mo fi ń kan ìka ẹni tí kò bá lè kọ lẹ́tà. Ọmọ kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá ti ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni. Ẹ̀rù ni, ọmọ mi. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Èmi rèé, rúlà wà lọ́tùn-ún, ṣọ́ọ̀kì wà lósì, kò sí èyí tí mo fi ń fa ẹnikẹ́ni mọ́ra.

Ẹ̀kẹta: má bá Màdáámù, ọ̀gá yín, jiyàn níwájú àwọn ọmọ, kódà bó bá sọ pé oòrùn ń yọ láti Suame níbi tó ti ń wọ̀. Dúró dé ìgbà tí ẹ bá ku ẹ̀yin méjì. Mo jiyàn pẹ̀lú tèmi lórí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ kan sójú pátákó. Èmi ni mo jàre, kò sì dárí jì mí títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Má mu omi nínú ife àwọn ọmọ, ikọ́ ni wọ́n máa ń kó ranni. Jẹun kí o tó jáde nílé. Bí ọkọ̀ bá kún, jẹ́ kó lọ, òmíràn ń bọ̀. Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́.

Dúró ná, síìpù ni wọ́n fẹ́ rà.

Mo ti padà. Èyí tó kàn yìí ni mò ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, mo tilẹ̀ tún àwọn síìpù tò nísinsìnyí kí n má baà tètè dé ibẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti dákẹ́ láti ìgbà tí mi ò tíì bí ọ.

O mọ̀ pé mo máa ń sọ fún yín pé ìgbéyàwó ló mú mi fi iṣẹ́ ìkọ́ni sílẹ̀, pé bàbá yín kò fẹ́ kí n máa jáde. Irọ́ ni. Bàbá yín kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n lé mi ni.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa, ó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́rin. Sàdíkù lórúkọ rẹ̀ nínú ìwé, Kwabena ni gbogbo ilé ìwé ń pè é nítorí ọjọ́ Túsìdeè ni wọ́n bí i. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Àṣáńtì, Akosua ni wọ́n ń pè é, aránṣọ ni. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìlọrin bíi tiwa, ó ń ta táyà ní Magazine kó tó di pé òun àti Akosua kọ ara wọn sílẹ̀, tó sì padà sílé. Èmi nìkan ni Yorùbá láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu bàbá rẹ̀, nítorí náà mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, mo máa ń mú un jókòó tì mí, mo sì ń fi Yorùbá bá a ṣeré. Ọmọ wa ni, mo máa ń wí bẹ́ẹ̀ lọ́kàn ara mi. Mi ò rò ó wò pé ọmọ Akosua ni.

Bíi tiyín náà ni ilé ìwé wa ṣe ń ṣe. Ẹni tó bá fi ọmọ sílé ìwé yóò sọ àwọn tó lè wá mú un, wọ́n á kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Orúkọ méjì ló wà lábẹ́ ti Kwabena: ìyá rẹ̀, àti ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin, èyí tí wọ́n ń pè ní wɔfa. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i. Bí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, bàbá ló ni ọmọ. Kí ni wɔfa fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe? Lọ́dọ̀ Àṣáńtì, ilé ìyá ló ni ọmọ, wɔfa ló sì dà bíi bàbá. Kumasi ni wọ́n bí mi sí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé aládùúgbò òun kì í jẹ ìgbín. Mi ò rò pé ó kàn mí.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí oòrùn ti mú, ìyá àgbà kan wọlé. Màdáámù ti jáde lọ síbi ìpàdé. Ìyá náà wọ ìró àti bùbá, ó fi ìborùn lé èjìká, ó rẹwà bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń rẹwà. Ó kí mi ní Yorùbá. Sàláma, ìwọ tí wọ́n ń pè ní ọmọ Alátà, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbí, láti kékeré ní ilé ìwé, o mọ bó ṣe máa ń rí lára bí ẹni tí o kò mọ̀ rí bá kí ọ ní èdè rẹ láàárín wọn. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ ibo ni ọ́?"

Mo ní, "Ìlọrin ni wá, Mà."

"Alihamdulilahi. Ìlọrin lèmi náà. Ìyá tó bí bàbá Sàdíkù ni mí. Bàbá rẹ̀ ti dé, kò yá, ó wà nílé àwọn èèyàn wa, ó fẹ́ fojú kan ọmọ rẹ̀. Màá ti dá a padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó kírun àsárì."

Mo ní, "Mà, Màdáámù kò sí nílé o."

Kò bínú. Ó wò mí tàánú-tàánú, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé èmi ni màá tọrọ ẹ̀jẹ̀ mi lọ́wọ́ àwọn Àṣáńtì ni?" Ó wá yíjú sí kíláàsì, ó ní, "Àyìndé! Àyìndé ọkọ mi!" Ọmọ náà fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, ó sáré tete, ó sì dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ nílé ìwé náà pé Àyìndé ni oríkì rẹ̀, àfi èmi tí ọmọ náà sọ fún pé bàbá òun ló ń pe òun bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ̀rí wo ni mo tún ń wá? Ẹni tó mọ oríkì ọmọ, tí ọmọ sì mọ̀ ọ́n, ṣé olè ni? Ìtìjú náà wà níbẹ̀, kí n má purọ́ fún ọ. Ojú ń tì mí láti sọ fún ìyá tó dàgbà tó yẹn pé kó dúró sí ìta títí Màdáámù yóò fi dé. Mo gbé àpò ọmọ náà fún un. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti pọ̀n ọ́n, èmi ni mo gbé ọmọ lé e lẹ́yìn, tí mo sì bá a na ọ̀já. Ó gbàdúrà fún mi pé màá rí ọkọ rere fẹ́. Mo ṣe àmín.

Nígbà tí ilé ìwé jáde, Akosua dé. Ó wo ìdí ìjókòó ọmọ rẹ̀, ó wo ara ògiri níbi tí a máa ń fi àpò kọ́, ó ní, "Àǹtí, me ba no wɔ he?" Pé ọmọ òun dà.

Mo fi tayọ̀tayọ̀ dá a lóhùn pé Nana rẹ̀, ìyá àgbà rẹ̀, ló wá mú un.

Ó ní, "Nana bɛn?" Nana wo? Ìyá tirẹ̀ ti kú tipẹ́. Lójú tirẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò ní ìyá àgbà kankan láyé.

Mo ṣàlàyé. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń yí padà bí mo ti ń sọ̀rọ̀. Kò lù mí, kò bú mi. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, bàtà rẹ̀ kan sì ṣẹ́ kù sẹ́nu ọ̀nà. Kí òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ tó dé ibùdókọ̀, ọkọ̀ ti lọ. Bàbá kan kò dé láti ibì kankan, kò sì sí ẹni tó ń ṣàìsàn. Ìlọrin ni ìyá àgbà náà ń gbé ọmọ lọ tààrà, ó ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ kó tó wá bá mi.

Èyí tó burú jù nìyí, fetí sílẹ̀. Ní ilé ìwé, wọ́n lé mi lọ́jọ́ kejì. Ní ilé wa, wọ́n yìn mí. Bàbá mi, tí Ọlọ́run ti kẹ́, ní, "O ṣe dáadáa. Ọmọ ti dé ilé bàbá rẹ̀, kí ni wọ́n tún ń wá?" Àwọn àgbà àdúgbò wa mélòó kan sọ bẹ́ẹ̀ náà. Àwọn kan ní rárá, ìwà jìbìtì ni, ó yẹ kí a ránṣẹ́ sílé. Wọ́n ń jiyàn lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Èmi fara mọ́ àwọn tó ń yìn mí, torí ọ̀dọ̀ wọn ni ara ti tù mí. Bí mo bá rí Akosua lójú ọ̀nà, mo máa ń yà gba ibòmíràn.

Wɔfa ọmọ náà lọ sí Ìlọrin lẹ́ẹ̀kíní, ọwọ́ òfo ló bá bọ̀. Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kejì, àwọn àgbà wa kan bá a lọ, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì mú ọmọ bọ̀. Ó ti lé ní ọdún kan nígbà náà. Mo gbọ́, mo ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, Akosua wá sílé wa. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ó ní, "Mepa wo kyɛw, bá mi kálọ." Ó ń fi Twi bẹ̀ mí, èmi tó yẹ kí n kúnlẹ̀ fún un. Ó ní láti ìgbà tí ọmọ ti dé ló ti ń sọ̀rọ̀, tó ń sunkún, òun kò sì gbọ́ ohun tó ń wí. Yorùbá nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun kò lè tún yọ àwọn àgbà tó bá wɔfa lọ lẹ́nu, kò sì sí Yorùbá mìíràn tí òun mọ̀ tó lè wá bá òun túmọ̀ ọ̀rọ̀ ọmọ òun.

Mo bá a lọ. Ọmọ náà jókòó sórí àpótí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ti ga, ó sanra, ara rẹ̀ ń dán. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa lọ́hùn-ún, mi ò ní purọ́ mọ́ ìyá àgbà náà. Ó kí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọmọ Yorùbá gidi. Lẹ́yìn náà ló rọra fa etí aṣọ mi, ó ń wo Akosua, ó ní, "Àǹtí, ta ni ìyá yìí? Ìgbà wo ló máa dá mi padà fún màámi?"

Akosua ń wo ẹnu mi. Ó ní, "Ɔse sɛn?" Kí ló wí?

Sàláma, mo ní, "Ɔse ɛkɔm de no." Mo ní ó ní ebi ń pa òun.

Akosua dìde tayọ̀tayọ̀. Ó sáré wọ inú ilé lọ gbé ìkòkò kaná. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pariwo láti inú ilé pé òun mọ̀, pé òun ti mọ̀ pé ebi ni. Èmi àti ọmọ náà jókòó. Mi ò lè sọ fún un pé ìyá rẹ̀ nìyẹn, nítorí bí ó bá bi mí pé kí ló dé tí òun kò mọ̀ ọ́n, kí ni màá wí?

Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni rí. Bàbá rẹ kò mọ̀ ọ́n. Akosua kú láìmọ̀ ọ́n. Ọmọ náà gbọ́ Twi padà nígbà tó yá, mo gbọ́ pé ó ti gbéyàwó. Bí mo bá rí ẹni tó jọ ọ́ lọ́jà, mo tún máa ń yà gba ibòmíràn.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mò ń wò báyìí, ìwọ ni mo sì ń rí níbẹ̀, pẹ̀lú kóóṣé lọ́wọ́.

Mo mọ ohun tí o máa sọ. O máa ní ìyá àgbà Fàtí kì í ṣe irú ìyá yẹn. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó ṣeé ṣe kí ìsọmọlórúkọ wà lóòótọ́, kó sì dá ọmọ padà kí ilé ìwé tó jáde, kí èmi sì di ẹni yẹ̀yẹ́. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ìwọ kọ́ lo máa mọ̀ ọ́n, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ láti mọ̀ ọ́n. O kò gbọdọ̀ ṣe adájọ́ láàárín ìyá àti ìyá ọkọ. Wọ́n fi ọmọ náà sí ọwọ́ rẹ láàárọ̀, kí wọ́n bá a lọ́wọ́ rẹ nígbà tí wọ́n bá dé. Èmi ni mo sọ ara mi di adájọ́ nígbà yẹn, mo sì dájọ́ fún àwọn tó ń sọ èdè mi.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Bí o bá ti ka ìwé yìí tán, wá Màdáámù yín lọ kí wọ́n tó to àwọn ọmọ sórí ìlà. Sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Sọ pé o ti ń jẹ kóóṣé ìyá náà, sọ pé o ní "ẹ jẹ́ kí n wò ó." Ó lè bínú sí ọ, ó lè kọ ọ̀rọ̀ rẹ sínú ìwé. Jẹ́ kó kọ ọ́. Kí Màdáámù fúnra rẹ̀ pe ìyá Fàtí.

Bí ìyá àgbà náà bá dé ní Ọjọ́rú, má sá fún un, má sì jẹ́ kí ẹlòmíràn lọ bú u. Lọ bá a ní géètì. Kúnlẹ̀ fún un, torí àgbà ni, ìyá rẹ sì kọ́ ọ. Kí o wà lórí ìkúnlẹ̀ náà kí o sọ pé, "Ẹ má bínú, Mà, mi ò lè fún yín. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin àti ìyá rẹ̀ jọ wá." Kò sẹ́ni tó sọ fún èmi nígbà yẹn pé èèyàn lè wà lórí ìkúnlẹ̀ kó sì kọ̀. Mo rò pé bí orúnkún bá ti kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó lè sunkún. Ó lè pè ọ́ ní ọmọ tí kò mọ ilé. Ó lè ní o ti di Àṣáńtì. Gbà á, kí o má sì ṣí géètì.

Lẹ́yìn náà kí o pè mí. Ìgbà yòówù kó jẹ́. Mi ò ní ta nǹkan kan lọ́jọ́ náà, fóònù ni màá gbé lé itan.

Inú lè bí ọ sí mi nítorí ohun tí o kà yìí. O lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bí o bá dé ní ọjọ́ Sunday, tí o kò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, jẹun ṣáá, màá mọ̀ pé o ti kà á. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ìbínú sí mi mú ọ ṣe ohun tí mo ṣe.

Lọ́jọ́ iwájú, ó lè jẹ́ ọmọ tìrẹ, tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, ni yóò wà ní irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ èmi, pẹ̀lú ewú lórí, pẹ̀lú ìborùn léjìká, ni màá dúró sí géètì tí màá máa ké oríkì ọmọ, torí èmi náà yóò ti di ìyá àgbà, ìfẹ́ ọmọ ọmọ sì lè mú mi purọ́. Bí o bá wo inú ìwé tí o kò rí orúkọ mi, Àmọ̀kẹ́, kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, kí o sì ti géètì mọ́ mi.

Èmi ni,
ìyá rẹ.